Ojú Kejì Àwo

Abẹ́rẹ́ kan, ojú kan. Òfin wa nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rú u, ì báà ṣe ọmọ ọba. Tó o bá gbé àwo wá sí ṣọ́ọ̀bù Àmọ̀dá lọ́jọ́ Jímọ̀, ojú tó dùn jù lára ẹ̀ ni kó o mú, ká gbé e sórí giramafóònù, ká gbọ́ ọ, ó parí. Má wulẹ̀ sọ fún wa pé ojú kejì náà dáa. Abẹ́rẹ́ giramafóònù ayé ìgbà yẹn, tó bá ti kọ ojú kan tán, ẹnu ẹ̀ ti kú nìyẹn. Tó o bá tún fi kọ ojú kejì, á máa ha àwo bí adìẹ tó ń wá kòkòrò lẹ́yìnkùlé. Àwọn Kòráà, àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń ta abẹ́rẹ́ yìí l'Ékòó, sì mọ̀ pé kò sí alágbẹ̀dẹ Ọ̀tà tó lè rọ ọ́, ni wọ́n bá ń tà á bí ẹni ń ta wúrà.

Ayé òyìnbó ni mò ń sọ o. Ẹ má wulẹ̀ máa wá ilé iṣẹ́ kankan nínú Ọ̀tà tí mò ń sọ yìí. Ibi tí ẹ̀ ń pè ní Sàngó lónìí, tí mọ́tò ń fọn fèrè mọ́ ara wọn létí, igbó ọ̀pẹ àti oko obì ló pọ̀ níbẹ̀. Tí lọ́rì bá kọjá, ọ̀bọ á yọjú láti wò ó.

Àwa mẹ́rin là ń pàdé. Àmọ̀dá tẹ́lọ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù, òun ló ni giramafóònù. Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ tó lọ jagun ní Bọ́mà ló gbé e bọ̀, òun àti ẹsẹ̀ kan tó ń tiro. Ààfáà Sírájúdéènì ni àgbà wa. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú láàárọ̀, ó sì máa ń sọ fún wa pé òun kàn ń wá síbẹ̀ wá wo bí ayé ṣe ń bàjẹ́ ni. Ó ti ń wò ó bọ̀ tipẹ́, kò sì pa ọjọ́ kan jẹ. Láwàlì, kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ́rì Ọ̀tà sí Ìdúmọ̀tà, òun ni ẹsẹ̀ wa l'Ékòó. Òun ló ń bá wa ra àwo, òun ló ń gbọ́ ẹni tó ń kọrin tuntun, ẹni tó ti jẹ onílù ẹ̀ níyà, ẹni tí ohùn ẹ̀ ti ha. Èmi tí mo ṣe ìkẹrin, èmi Rùfáì káfíńtà, èmi ni mo kan àpótí tí giramafóònù jókòó lé. Ẹ má fojú kékeré wo àpótí o. Giramafóònù tí ò rí nǹkan jókòó lé, ariwo lásán ni.

Tá a bá ti kírun Jímọ̀ tán, tá a ti jókòó, Ààfáà á bi wá pé, "Kí letí yín jẹ lọ́sẹ̀ yìí?" Ẹni tó bá gbé àwo wá á yí apá giramafóònù títí okùn inú ẹ̀ á fi le, á fi àwo sí i, gbogbo wa á panu mọ́. Tó bá tán báyìí, wàhálà dé.

"Gòjé yẹn ń sunkún," Ààfáà á wí. "Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ aráyé ló ń pa á lẹ́kún."

"Ààfáà, ijó lẹsẹ̀ yín ń jó níbẹ̀ un o," Láwàlì á sọ.

"Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n ni. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni."

"Ìbẹ̀rù Ọlọ́run yín mọ ìlù sákárà dáadáa."

Bá a ṣe ń ṣe nìyẹn títí ọ̀sán á fi rọ̀. Ó dùn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Àṣà kan tún wà láàárín wa. Àwa náà ń ṣe orin díẹ̀díẹ̀: ti ìkómọ, ti wéré oṣù ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orin sì dà bí ọbẹ̀, ẹni tó sè é ò lè mọ̀ bóyá iyọ̀ ti já sí i jù. Torí náà, ẹni tó bá ṣe orin á mú ẹnì kan ṣoṣo ṣe atọ́wò ẹ̀. Atọ́wò á gbọ́ ọ, á sọ ibi tí ò dáa, á sì gbàgbé ẹ̀. Gbígbàgbé yẹn gan-an niṣẹ́. Ẹni tí wọ́n fún ní ọbẹ̀ tọ́ wò kì í gbé ìkòkò lọ.

Láwàlì ni atọ́wò Àmọ̀dá. Inú wàláà kan náà ni wọ́n ti jọ kọ́ alífù. Tí Àmọ̀dá bá sín, Láwàlì ló máa dáhùn.

Ní báyìí, Àmọ̀dá fẹ́ fẹ́yàwó. Mùíbátù ni, ọmọ Bàbá Mùkáílà oníṣòwò obì. Bàbá yìí ò fẹ́ tẹ́lọ̀ rárá. Ó ní ọkùnrin kan nílẹ̀ ní Adó-Odò tó ní oko, tó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó tún ní eyín wúrà. Mùíbátù ní òun ò fẹ́ eyín wúrà, òun ò fẹ́ fi ẹnu ọkọ ṣe bánkì. Wọ́n fà á títí, bàbá gbà, àmọ́ ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó le. Ó ní, "Àmọ̀dá, mo fún ẹ lọ́mọ. Àmọ́ tí mo bá gbọ́ ìsọkúsọ kan nípa ọmọ mi níta kí yìgì tó so, Adó-Odò ò jìnnà." Gbogbo wa gbọ́ ọ. Àmọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, Bàbá."

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ yìgì ni Ààfáà Sírájúdéènì fúnra ẹ̀ wọlé, tó gbé àwo dání. Àwa mẹ́ta wo ara wa. Ààfáà kì í gbé àwo wá. Àwa là ń dẹ́ṣẹ̀, òun ló ń wò.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Wòlímọ́tù ni mo lọ ṣe l'Ágége. Wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Wáàsí ló wà nínú ẹ̀."

"Ta ló ń ṣe wáàsí ọ̀hún?" Àmọ̀dá bi í.

"Fàlílù Onígòjé."

Ẹ̀rín pa èmi àti Àmọ̀dá. Fàlílù Onígòjé, ará Èkó tí gbogbo obìnrin ń sá tẹ̀ lé, òun ló di oníwáàsí! Àmọ́ Láwàlì ò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé kò rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé inú ló ń run ún.

A fi àwo sí i. Wáàsí ni lóòótọ́. Orin sùúrù ni: ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àna tó bá ń bínú, òjò ni, á dá. Ẹ ò rí bó ṣe wọ Àmọ̀dá lára. Ojú ẹ̀ ń dán. Bó ṣe tán báyìí ló fò dìde.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ojú kejì!"

Àmọ̀dá o! Òun tó ṣòfin! Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, Láwàlì ti dìde, ó ti gbé àwo kúrò lórí giramafóònù, ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́.

"Abẹ́rẹ́ kan, ojú kan!" ó ní. "Àmọ̀dá, ìwọ lo ṣòfin. Àbí nítorí pé o fẹ́ gbéyàwó, òfin ti kú?"

Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un. Ààfáà tiẹ̀ ṣàdúrà fún un pé irú èèyàn tó yẹ kí wọ́n fi ṣe adájọ́ ní kọ́ọ̀tù òyìnbó nìyẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ bá wa pàtẹ́wọ́.

Àmọ̀dá wá bẹ Ààfáà. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó fún òun ní àwo yẹn, òun fẹ́ gbé e fún Mùíbátù, kó lè gbọ́ orin sùúrù yẹn, kó fi tu ara ẹ̀ nínú lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀. Giramafóònù wà nílé Bàbá Mùkáílà, èyí tó tóbi, tí ẹnu ẹ̀ rí bí òdòdó. Ààfáà ní kó máa mú un lọ, pé òun ò fẹ́ kí àwọn ọmọ kéwú rí i lọ́wọ́ òun.

"Jẹ́ n bá ẹ gbé e lọ," Láwàlì ní. "Ọ̀nà ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ."

"Rárá o. Ọwọ́ ara mi ni mo máa fi gbé e fún un."

"Àmọ̀dá, àwo máa ń fọ́ o. Bó o ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ yẹn..."

"Màá fi ẹsẹ̀ rìn."

Ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ lóòótọ́. Ó fi aṣọ funfun wé àwo náà bí ẹni ń gbé Kùránì.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, yìgì ku ọ̀la. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni. Ààfáà ò tíì bi wá léèrè ohun tétí wa jẹ, tí ẹnì kan fi dí ẹnu ọ̀nà. Mùíbátù ni. Obìnrin kì í wọbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ìyàwó ojú ọ̀nà sì tún wá kọ́! Ó kúnlẹ̀ fún Ààfáà, ó kí èmi àti Láwàlì. Nígbà tó dórí Àmọ̀dá, kò kí i. Ó tú ìborùn ọwọ́ ẹ̀, ó mú àwo jáde.

"Ẹ bá mi fi sí i, ẹ jọ̀ọ́, Bùọ̀dá Rùfáì," ó ní fún mi. "Ojú kejì."

Mo ní, "Ìyàwó wa, a ní òfin kan níbí..."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo mú abẹ́rẹ́ tèmi dání."

Ó na ọwọ́ sí mi. Abẹ́rẹ́ tuntun ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Mo yí apá giramafóònù, mo fi àwo sí i.

Gòjé gbé e, sákárà tẹ̀ lé e, Fàlílù ta ohùn sókè:

Òjò ń rọ̀ ní Ìjù, kò jẹ́ n relé,
Àdìzát ọmọ pupa.
Ìṣàn gbé bàtà kan lọ, ó fi kan dúró,
Àdìzát ọmọ pupa.
Kò rí ìborùn, kò rí gèlè,
Ṣòkòtò akọ̀wé ló fi wé orí.
Ìdí ṣòkòtò ń wo ọ̀run,
Àdìzát mi ń wò mí.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ìdí ṣòkòtò ń wo ọ̀run! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di àpótí mú. Ààfáà náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ "àsìtàfúrúlà" láàárín ẹ̀rín. Ìgbà tí mo gbójú sókè tí mo rí Àmọ̀dá lẹ̀rín já lẹ́nu mi. Àlùmọ́gàjí ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó la ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ gé aṣọ, kò sì sí aṣọ níwájú ẹ̀. Ojú ẹ̀ dà bí ojú ẹni tó dé ilé, tó bá àlejò tó wọ aṣọ ẹ̀, tó ń jẹun lórí àga ẹ̀.

Àwo tán. Kò sẹ́ni tó gbé abẹ́rẹ́ kúrò, ó ń ha, ó ń ha.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó yé yín, torí ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé èmi náà. Mùíbátù ni Àdìzát inú àwo yẹn. Lọ́jọ́ kan, ó ń ti oko bàbá ẹ̀ bọ̀ lápá Ìjù, òjò ká a mọ́ ọ̀nà, ó ṣubú, ìṣàn gbé bàtà ẹ̀ kan àti gèlè ẹ̀ lọ. Àmọ̀dá ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà yẹn, ó gbé aṣọ oníbàárà dání. Wọ́n jọ yà sábẹ́ ahéré kan. Kò sí nǹkan tí Àmọ̀dá lè fún un bo orí àfi ṣòkòtò tuntun tó rán fún akọ̀wé kọ́ọ̀tù. Ó fi wé gèlè. Ẹ mọ ohun tíyẹn jẹ́ nílẹ̀ wa: ṣòkòtò ọkùnrin lórí ọmọbìnrin tí ò tíì relé ọkọ! Wọ́n rẹ́rìn-ín lábẹ́ ahéré yẹn títí òjò fi dá, ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Mùíbátù wá mú un búra pé kò ní sọ ọ́ fẹ́nì kan. Àmọ̀dá sì ṣèlérí pé òun máa fi ṣe orin, orin tó jẹ́ pé etí Mùíbátù nìkan ló máa gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tó bá wọ yàrá òun.

Orin náà ló wà nínú àwo yìí. Gbogbo Èkó ti gbọ́ ọ kí ẹni tó ni ín tó gbọ́ ọ.

"Bùọ̀dá Àmọ̀dá," Mùíbátù ní, "ta lẹ sọ ọ́ fún?"

Àmọ̀dá ní, "Mùíbátù, mo fi Ọlọ́run..."

"Ọlọ́run ò kọrin sínú àwo. Ta ni?"

Àmọ̀dá ò nàka sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn yí ojú sí Láwàlì. Ààfáà náà yí ojú sí i. Èmi náà yí ojú sí i.

Láwàlì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ̀ ń wò mí bí ẹran iléyá sí?"

"Ìwọ ni atọ́wò mi," Àmọ̀dá ní. Ohùn ẹ̀ kéré. "Ìwọ nìkan ni mo kọ ọ́ fún. Mo ní kó o gbọ́ ọ bóyá apá ṣòkòtò yẹn ò pọ̀ jù."

"Ó sì dáa. Ṣebí mo sọ fún ẹ pé ó dáa?"

"Láwàlì."

"Ó dáa, ó dáa! Torí Ọlọ́run, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́." Láwàlì dìde, ó tún fìlà ẹ̀ ṣe. Ó dojú kọ Mùíbátù, ohùn ẹ̀ wá rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń tu ọmọ nínú. "Ìyàwó, àṣírí ọ̀rẹ́ mi ni mi ò fẹ́ tú. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n gbé e fún Fàlílù. Ó ní ohùn òun ò dáa, kí ẹni tó lóhùn bá òun kọ ọ́, kí ó má bàa ṣègbé. Ó ní òun á ṣe òmíràn fún ẹ. Mo tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀."

Ẹ gbọ́ mi. Mo ti rí irọ́ rí. Mo ti gbé pákó àfọ́n fún oníbàárà rí, mo ní ìrókò ni. Àmọ́ mi ò tíì rí irọ́ tó wọ bàtà, tó wé láwàní, tó kí gbogbo ilé kó tó jókòó bí irú èyí.

"Àdìzát ńkọ́?" mo bi í. "Láwàlì, ṣé kì í ṣe Àdìzát tìẹ tó ń ta ìborùn ní Èbúté Mẹ́ta nìyí? Èyí tó o ń fọ́ wa létí pé kì í dá ẹ lóhùn?"

"Rùfáì, Àdìzát mélòó ló wà l'Ékòó?"

"Tí orúkọ ẹ̀ á wà nínú orin Àmọ̀dá?"

"Lọ bi Fàlílù. Òun ló kọ ọ́, èmi kọ́."

Kò sẹ́ni tó lè lọ bi Fàlílù. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá jókòó padà, ó ká ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

Ààfáà Sírájúdéènì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fa àpò ẹ̀ sọ́dọ̀, ó mú Kùránì jáde, ó gbé e lé orí tábìlì tí Àmọ̀dá fi ń gé aṣọ.

"Láwàlì, ṣé o ní àlùwàlá?"

"Ààfáà, ṣebí ẹ̀yìn yín ni mo ti kírun?"

"Gbọ́wọ́ lé e. Sọ ohun tó o sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn."

Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ó parí. Kò sí bí ọmọ wàláà Ọ̀tà á ṣe gbọ́wọ́ lé Kùránì kó purọ́ níwájú ẹni tó kọ́ ọ kà. Láwàlì wo ìwé náà. Ó wo Mùíbátù. Ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó sì na ọwọ́.

Àmọ̀dá dì í lọ́wọ́ mú.

"Má búra," ó ní.

Àmọ̀dá di ọwọ́ yẹn mú lókè ìwé náà, bí ìgbà tí èèyàn bá di ọwọ́ ọmọdé mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Omi ti dúró sí i lójú. "Láwàlì, jọ̀ọ́. Má búra. Orin lásán ni."

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni Láwàlì bú sẹ́kún, tó ní ẹ foríjì mí, mi ò bá máa sọ ìtàn yìí fún yín lónìí. À bá ti kà á sí ọbẹ̀ tí a tọ́ wò, à bá gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ Láwàlì fa ọwọ́ ẹ̀ padà, ó yíjú sí wa, ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ rí i fúnra yín? Kò jẹ́ kí n búra. Òun náà mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ."

Ààfáà gbé Kùránì ẹ̀ padà sínú àpò. Láwàlì gbá ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀, ó ní lọ́rì ń dúró de òun, ó dágbére fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ. Ó ní, "Ìyàwó, ó dọ̀la o." Ó jáde. A gbọ́ bó ṣe ń súfèé lọ lójú ọ̀nà.

Mùíbátù ò tíì mira. Ó ń wo Àmọ̀dá.

"Kí ló dé tó ò jẹ́ kó búra?"

Ẹ ṣàkíyèsí o. "Ẹ" ti kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó ti di "o."

Àmọ̀dá gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Torí pé ó máa búra ni."

Mùíbátù gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo fúnra ẹ̀, ariwo híha yẹn dákẹ́.

"Mo ti mọ̀ pé òun ni," ó ní. "Látìgbà tí mo ti gbọ́ ọ ni mo ti mọ̀. Kì í ṣe torí ẹ̀ ni mo ṣe wá. Mo wá torí pé o sọ fún un. O ní etí mi nìkan ni." Ó ń wé àwo náà padà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Bàbá mi ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rẹ́rìn-ín débi pé obì já bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Kò mọ̀ pé ọmọ òun ló ń fi rẹ́rìn-ín."

"Mùíbátù, Bàbá ní..."

"Mo mọ ohun tí Bàbá ní. Torí náà, o ò mọ orin yẹn. O ò gbọ́ ọ rí. Tí wọ́n bá kọ ọ́ níwájú ẹ, kó o rẹ́rìn-ín bíi tàwọn yòókù. Láwàlì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́la, torí tí kò bá wá, wọ́n á béèrè ìdí." Ó yí ojú sí èmi àti Ààfáà. "Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́." Lẹ́yìn náà ló wá padà sí i: "Yìgì ò yẹ̀. Àmọ́ má kọrin kankan fún mi mọ́."

Ó kúnlẹ̀ fún Ààfáà, ó bá tiẹ̀ lọ.

Wọ́n so yìgì láàárọ̀ ọjọ́ kejì ní àgbàlá Bàbá Mùkáílà. Èèyàn ò pọ̀, ẹbí àti ará àdúgbò ni. Láwàlì wá. Kì í ṣe pé ó wá nìkan, òun ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀wù tó wọ̀, Àmọ̀dá ló rán an fún un nítorí ọjọ́ náà. Ó yẹ ẹ́. Èmi ò lè purọ́ mọ́ aṣọ, ó yẹ ẹ́ gan-an. Òun ló ń gbé omi fún àwọn àgbà, òun ló ń sọ fún Bàbá Mùkáílà pé, "Bàbá, ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ fún lọ́mọ yìí, ẹ ò lè rí irú ẹ̀ mọ́." Bàbá ń sọ pé, "Bí ọ̀rẹ́ ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe ṣàdúrà tán ni ìbátan Mùíbátù kan tó wá láti Agége ní òun mú ẹ̀bùn wá fún ìyàwó. Ẹ ti mọ ohun tó jẹ́. Àwo tuntun, àwo tí gbogbo Èkó ń gbọ́ lọ́wọ́, ó ní kò sílé tí wọn ò ti ń lò ó. Wọ́n gbé giramafóònù ẹlẹ́nu òdòdó jáde sí àgbàlá. Mo ń gbàdúrà nínú mi pé kó jẹ́ ojú wáàsí ni. Ta lèmi? Ilé olówó ni, wọn kì í ṣọ́ abẹ́rẹ́ níbẹ̀.

Òjò ń rọ̀ ní Ìjù, kò jẹ́ n relé.

Gbogbo àgbàlá mọ̀ ọ́n. Kódà àwọn ìyá tó ń fọ abọ́ ń gbè é. Nígbà tó dé ibi ìdí ṣòkòtò, ẹ̀rín bú, Bàbá Mùkáílà fọwọ́ gbá itan.

"Irú obìnrin wo gan-an," bàbá ní, "ló máa fi ṣòkòtò wé gèlè?"

Mùíbátù jókòó láàárín àwọn ìyàwó ilé, aṣọ bò ó lójú. Ohùn ẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ yẹn, kò gbọ̀n rárá.

"Ẹni tí òjò pa ni, Bàbá."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Láwàlì ti bọ́ sí agbo, ó ń jó. Ó ju ọwọ́ ẹ̀wù sí èjìká, ó ń kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí Fàlílù tó kọ ọ́.

"Ẹ wo Láwàlì!" Bàbá ń pariwo. "Ó ń ṣíwájú àwo! Láwàlì, àbí ìwọ lo ṣe orin náà?"

Láwàlì kàn rẹ́rìn-ín, ó mi orí bí ẹni tí ò fẹ́ yin ara ẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ̀gbẹ́ Àmọ̀dá ni mo jókòó sí. Ó ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí ọkùnrin tó pàtẹ́wọ́ báyẹn rí, bí ẹni tí wọ́n ń sin ní gbèsè lójú gbogbo ayé, tó tún ń dúpẹ́.

Àwo ìgbà yẹn, tó o bá fi obì kan sẹ́nu nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ti tán kó o tó gbé e mì. Ìlù já, Fàlílù dákẹ́, àwọn èèyàn ń pariwo pé kí wọ́n tún un fi. Àmọ́ mo rí ètè Àmọ̀dá. Ètè ẹ̀ ṣì ń lọ. Àwo ti kún kí orin náà tó parí: ó ṣì kù. Ó kù púpọ̀, torí ètè ẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ka àdúrà, orí ẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ìlù tí ẹnikẹ́ni ò lù. Mo wo ọ̀ọ́kán, mo rí Mùíbátù tó gbé aṣọ ojú ẹ̀ sókè díẹ̀. Òun náà ń wo ètè yẹn.

Ẹ mọ̀ mí, ẹni tí orin máa ń dùn mọ́ ni mí. Etí mi fà mí. Mo sún mọ́ ọn, mo tẹ orí sí ọ̀dọ̀ ẹ̀ díẹ̀ pé kí n gbọ́ ìyókù.

Àmọ̀dá pa ẹnu dé. Ó yíjú, ó wò mí, èmi Rùfáì, èmi tí mo kan àpótí giramafóònù ẹ̀, tí mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Ó wò mí bí ẹni tó bá ọwọ́ àjèjì nínú àpò ẹ̀.

Mo gbé àga mi, mo sún sẹ́yìn.